Ohùn Tó Wà Lábẹ́ Ìpolówó

"Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i," ni Dáúdà wí, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ ṣe wáàsí. "Ọkùnrin wo ló máa sùn ti obìnrin kan ní Apá Kìíní, tí yóò jí bá obìnrin mìíràn ní Apá Kejì, tí kò ní bèèrè pé, 'Ìwọ ta ni?'"

Ẹ̀rín sọ ní ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ó lè jẹ́ pé ó ti ń gbàdúrà fún un tẹ́lẹ̀," ni Israel dáhùn. "Ọlọ́run wá gbọ́."

"Astagfirulláì! Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọkùnrin náà sílẹ̀ jàre. Ìyàwó yí padà, ọbẹ̀ ò yí padà. Kí ló kù tó fẹ́ bèèrè?"

Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbéra ní Ìpakòdò láàárọ̀ ni wọ́n wà, èyí tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó. Àwọn èrò kan ti gbé orí lé èjìká ará ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n ń sùn. Àwọn mìíràn ń fa tẹ̀sùbáà lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì pupa tí awakọ̀ fi dandan lé pé kí gbogbo èrò wọ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí ariwo ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ jù, ilé ẹjọ́ fíìmù ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́ fún gbogbo eré tí wọ́n tún ṣe, àti gbogbo eré tí wọ́n ti fi ojú àjèjì rọ́pò ojú tí a mọ̀. Dáúdà, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, ni agbẹjọ́rò eré àtijọ́. Jamilah, ọmọge tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ni agbẹjọ́rò eré tuntun. Israel tó ń tún fíríìjì ṣe kò sí lẹ́yìn ẹnì kankan. Ibi tí ẹ̀rín bá wà ni tirẹ̀.

Ẹni kẹrin wọn kì í sábà sọ̀rọ̀. Hàbíbàt ni orúkọ rẹ̀, Ìyá Waliyah ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ló ti ń ṣiṣẹ́, inú ẹ́síteètì kan ní Ìkòròdú ló sì ń gbé, níbi tí ilé gbogbo ti jọra wọn bí ìbejì. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí. Á kọjú sí omi, á máa gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan Ọ̀sà Ò Gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ á rọra lọ sórí fóònù inú báàgì, bí ẹni tó ń wò ó bóyá kọ́kọ́rọ́ òun ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀sà Ò Gbẹ náà ni wọ́n ń jà lé lórí láàárọ̀ ọjọ́ yìí. Eré fídíò ni, láti ayé káséẹ̀tì, tí ẹgbẹ́ òṣèré kan ní Ẹ̀pẹ́ ya ní etí ọ̀sà tiwọn. Ìyàwó apẹja kan ni olórí eré náà. Ẹbí ọkọ purọ́ mọ́ ọn, wọ́n lé e jáde, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rodiat ló ṣe é ní Apá Kìíní, ó sì ṣe é débi pé àwọn ìyálọ́jà gbàgbé ọbẹ̀ sí orí iná. Nígbà tí Apá Kejì dé, obìnrin mìíràn ló wọlé, tó ń jẹ́ orúkọ ìyàwó apẹja náà, tó ń pe ọmọ yẹn náà ní ọmọ òun.

"Owó ló fà á," ni Israel wí. "Wọ́n ní ti àkọ́kọ́ yẹn bèèrè owó gọbọi."

"Irọ́ ni," ni Dáúdà wí. "Ítálì ló lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sọ fún mi."

"Èmi gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ló ní kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́," ni Jamilah wí. "Ìyá Waliyah, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni Hàbíbàt wí. "Mo ṣáà mọ̀ pé ẹnì kejì yẹn ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀."

"Ẹ ṣeun!" Dáúdà pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ẹ̀rí!"

"Tí a bá ní ká sòótọ́," ni Israel wí, "ọmọdé tó sùn sórí ẹní yẹn nìkan ló mọ eré ṣe níbẹ̀. Ẹ wo bó ṣe sùn! Ìyá ẹ̀ ń sunkún lé e lórí, kò mira."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Hàbíbàt yíjú sí omi.

Rodiat kò lọ sí Ítálì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí owó. Ọdún tí wọ́n fẹ́ ya Apá Kejì ni ó lọ bímọ tí kò padà wálé, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Bí ọ̀fọ̀ ìbímọ bá ṣẹ ni, àwọn àgbà a máa tu ni nínú pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Tiwọn, omi dànù, agbè náà fọ́. Kí Ọlọ́run Ọba má ṣe jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀ mọ́. Rodiat yẹn, ìyá Hàbíbàt ni.

Kò sọ fún wọn rí. Báwo lèèyàn ṣe ń mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ àárín ẹ̀rín? Ọmọ tí kò sì ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ tó ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹrù dání dípò kí a pọ̀n ọ́n.

Ẹ̀dà eré náà tó mọ̀ pé ó kù láyé ni èyí tí ẹnì kan gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ti wà lórí fóònù rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ létí omi, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ìborùn rẹ̀, ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ ń mì lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ kan sùn sórí ẹní níwájú rẹ̀. Ọmọ náà, Hàbíbàt gan-an ni. Oorun tó ń sùn kì í sì í ṣe oorun eré. Wọ́n dúró títí ó fi sùn lóòótọ́ kí wọ́n tó ya á. Ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí kì í. Kò sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Oríkì ọmọ rẹ̀ ló kì:

Àwẹ̀ró o,
Àwẹ̀ró ọmọ a-ju-àwọ̀n-má-wẹ̀yìn,
Ọmọ ọ̀sà ò gbẹ nílé baba wọn.
Ẹ̀ẹ̀rùn dé, odò kékeré ń tọrọ omi lọ́wọ́ ìrì,
Ọ̀sà ní òun rèé, òun ò rè 'bì kan.
Àwẹ̀ró, bí o bá jí tí o ò bá rí mi,
Má wo ọ̀nà, ojú omi ni kí o wò...

Ibẹ̀ ni máàkẹ́tà tó ń ta káséẹ̀tì náà ti já wọlé. "Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa! Ẹ kú ojú lọ́nà o! Èyí tó ń bọ̀ yìí, á pa yín lẹ́rìn-ín, á sì tún pa yín lẹ́kún!" Wọn ò mú àwòrán kúrò, ohùn ni wọ́n gbà. Ẹnu Rodiat ń lọ ń bọ̀, máàkẹ́tà ń polówó lé e lórí, nǹkan kan sì ń kùn nísàlẹ̀ ìpolówó náà, gbẹ̀rẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀rọ ìlọta. Hàbíbàt gbà pé orin ìpolówó ló rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ariwo bá fi máa dákẹ́, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù lẹ́nu ìyá rẹ̀: "Àwẹ̀ró mi." Omi á bo ojú àwòrán, eré á parí.

Kí ni ìyá òun sọ láàárín "ojú omi ni kí o wò" àti "Àwẹ̀ró mi"? Òun ni wọ́n sọ ọ́ fún. Òun wà níbẹ̀. Òun sì sùn.

"Ẹ̀yin ń jà lórí òkú fíìmù," ni Jamilah wí, ó ti mú fóònù tirẹ̀ jáde. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ti tún un ṣe. Ojú tuntun, àwòrán tó mọ́ gaara. Sátidé yìí ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fi hàn, ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀. Olùdarí rẹ̀, Ùsámà, sọ lórí rédíò pé gbogbo ohun tí aráyé ò gbọ́ nínú ti àtijọ́, wọ́n á gbọ́ ọ nínú tuntun."

"Wọ́n tún un ṣe," ni Dáúdà bèèrè, "àbí wọ́n tún un bà jẹ́?"

"Ẹ lọ wò ó ná, ẹ̀gbọ́n. Tó bá jẹ́ tiyín, àtùpà la ó ṣì máa tàn."

"Àtùpà ò gba owó iná lọ́wọ́ ẹnì kankan."

Israel ní ọkọ̀ òun wà, òun á gbé ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí wọ́n ṣáà ra epo sí i. Wọ́n ṣì ń dá a lóhùn nígbà tí ohùn kan wá láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Èmi náà á lọ," ni Hàbíbàt wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìyá Waliyah tí kì í bá wọn lọ síbì kankan! Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì ti wúwo jù fún ọ̀rọ̀ sinimá lásán: "Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ní aráyé ò gbọ́."

* * *

Títí wọ́n fi kọjá Ìtóìkín ní Sátidé, Dáúdà àti Jamilah ò dákẹ́. Dáúdà ní ẹni tó tún eré àtijọ́ ṣe dà bí ẹni tó fẹ́ ìyàwó olóògbé tó sì tún ń wọ aṣọ olóògbé náà kiri. Jamilah bèèrè pé ṣé kí opó má jẹun ni. Hàbíbàt jókòó sẹ́yìn, ó ń wo igi ọ̀pẹ tó ń sá padà síhà Ìkòròdú, ọkàn rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ obìnrin kan tí kò ránṣẹ́ sí pé òun ń bọ̀.

Àǹtí Kúlú ni. Kúlúsúmù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀dè. Òun ni Làtífù, bàbá Hàbíbàt, fẹ́ lẹ́yìn ikú Rodiat. Kò sí ìyà tó fi jẹ ọmọ náà; ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀run ń gbọ́ ọ. Òun ló ń dirun fún un. Òun ló ń wẹ ẹrọ̀fọ̀ ọ̀sà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bó bá ti ibi eré dé. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó wọlé, ní àárọ̀ kan tí Hàbíbàt kúnlẹ̀ kí i, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní: "Àwẹ̀ró o, Àwẹ̀ró ọmọ a-ju-àwọ̀n-má-wẹ̀yìn..."

Ọmọdé náà fò dìde bí ẹni tí iná jó. "Ta ló ní kẹ́ ẹ pè mí bẹ́ẹ̀? Níbo lẹ ti gbọ́ ọ? Ẹ jí i nínú fíìmù màmá mi ni!"

Àǹtí Kúlú kò bá a wí. Kò fẹjọ́ rẹ̀ sun bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Hàbíbàt ló ń pè é, gbọnrangandan, bí ìgbà tí olùkọ́ ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ọmọ náà ń pè é ní Àǹtí. Báyìí ni wọ́n bá a lọ títí ọmọ fi dàgbà, tó rí ọkọ fẹ́, tí Làtífù fi papòdà. Ọjọ́ ọdún Iléyá nìkan ni Hàbíbàt ń ya ilé náà ní Ẹ̀pẹ́ báyìí. Á gbé ẹran àti òróró sílẹ̀, á ní ọ̀nà jìn.

* * *

Gbọ̀ngàn náà kún. Ará Ẹ̀pẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìtẹ́lọ́rùn sì wà lójú wọn bíi ti ẹni tó wá wo fọ́tò ilé ara rẹ̀. Hàbíbàt kò rí ohun tó burú nínú eré tuntun náà. Omi mọ́, aṣọ bá ìgbà mu. Ọmọbìnrin tó gba ipò Rodiat sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹbí ọkọ lé e jáde, Dáúdà, ọ̀tá eré tuntun, bẹ̀rẹ̀ sí fi etí agbádá nu ojú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé omijé kọ́ nìyẹn?" ni Jamilah sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Eruku ni. Wọn ò gbá ilé yìí."

Wọ́n wá dé etí ọ̀sà. Ọmọ wà lórí ẹní. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀. Hàbíbàt di apá àga mú. Ó ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀: Bismillàhi, Bismillàhi. Ọmọbìnrin náà la ẹnu.

Orin ló kọ.

Orin náà dùn. Wọ́n fi fèrè sí i, ìyókù gbọ̀ngàn sì dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé tí ọmọ ti sùn. "Ọmọ mi, ọmọ mi, má sunkún mọ́," ló ń wí, èyí tí ìyá èyíkéyìí lè kọ fún ọmọ èyíkéyìí. Kò sí Àwẹ̀ró níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ju àwọ̀n. Hàbíbàt ń retí kí orin parí kí oríkì lè bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí orin parí, omi bo ojú àwòrán, àwọn èèyàn sì dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ó bá Ùsámà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, fìlà rẹ̀ fì sápá kan, àwọn èèyàn ń bá a ya fọ́tò. Hàbíbàt dúró títí ó fi ráàyè.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Oríkì tí ìyá náà kì nínú ti àtijọ́, kí ló dé tí ẹ ò lò ó?"

Ojú Ùsámà tàn. "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n! Mọ́mì, a wá a débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ gbẹ́ ilẹ̀. Gbogbo káséẹ̀tì tá a rí ni ìpolówó wà lórí ẹ̀. Máàkẹ́tà ti kú. Ẹni tó gbohùn sílẹ̀ ti kú. Ìdajì oríkì ò ṣeé lò, ìyẹn la ṣe fi orin dí i." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbọn orí. "Ohun tó wà lábẹ́ ìpolówó yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ṣeun," ni Hàbíbàt wí. Ó jáde sínú oòrùn.

Jamilah sáré bá a. "Ìyá Waliyah, ó dáa lóòótọ́, àmọ́..." Ó fa àmọ́ náà gùn. "Ẹ má sọ fún Ẹ̀gbọ́n Dáúdà o. Ti àtijọ́ yẹn gún mi lọ́kàn jù. Orin yìí dùn, ṣùgbọ́n ìyẹn ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀."

Omi lé sójú Hàbíbàt. "Ẹ dúró dè mí ná," ni ó wí. "Mo fẹ́ kí ẹnì kan létí ọ̀sà."

* * *

Àǹtí Kúlú wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fọwọ́ kan ògiri. Ó ti kírun Àsàrì tán. Ó jókòó sórí àpótí, atẹ edé wà lórí itan rẹ̀, ó ń ṣa pàǹtí inú rẹ̀ dànù.

"Ẹ kú ilé o, Àǹtí."

"Ta nìyẹn? Hàbíbàt! Ṣé kò sí o? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá Waliyah ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni, mà. Mo kàn ní kí n yà kí yín ni."

"Alihamudulilái. Jókòó, jókòó. Oòrùn ti jẹ ojú rẹ." Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé atẹ sílẹ̀, ó wọlé, ó bu omi tútù wá nínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ó jókòó padà sídìí edé. "Wọ́n ní wọ́n fi fíìmù hàn lónìí."

"Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀."

Ọwọ́ Àǹtí Kúlú dúró nínú atẹ. "Ṣé wọ́n sọ ọ́?"

"Kí ni, mà?"

"Ohun tí ìyá rẹ sọ."

"Orin ni wọ́n fi dí i."

"Orin kẹ̀!" Ó pòṣé. Ó mú edé kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún dá a padà. "Kò yà mí lẹ́nu. Wọn ò mọ̀ ọ́n ni."

Hàbíbàt wò ó. "Àǹtí, ta ló mọ̀ ọ́n?"

Ọkọ̀ apẹja kan ń kọjá lójú ọ̀sà, obìnrin náà fi ojú sìn ín títí ó fi wọ inú koríko. "Ẹgbẹ́ òṣèré yẹn fún ìyá rẹ ní káséẹ̀tì kan," ni ó wí, "kí wọ́n tó gbé e fún máàkẹ́tà. Kò sí ìpolówó kankan nínú ìyẹn. Nígbà tí mo wọlé yìí, bàbá rẹ ò lè wò ó. Á rí i, á bú sẹ́kún. Èmi wá ń wò ó bẹ́ ẹ bá ti jáde, ìwọ lọ sí ilé kéú, òun lọ sójú omi. Mo ní, obìnrin yìí ti lọ, oríkì ọmọ ẹ̀ ò gbọdọ̀ bá a lọ. Mi ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ kí ọmọ jí láàárọ̀ láìsí ẹni tó máa kì í. Mò ń dá a dúró, mò ń dá a padà, títí mo fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, omi ọ̀sà kún wọlé lọ́dún kan, ó ba káséẹ̀tì jẹ́."

"Ẹ mọ̀ ọ́n láti ìgbà yẹn?" ni Hàbíbàt bèèrè. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún mi?"

"O ní kí n má pè ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Mo wà lọ́mọdé, Àǹtí!"

"Mo mọ̀. Mi ò bínú." Ó gbọn pàǹtí kúrò lọ́wọ́. "Nígbà tí o dàgbà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀ ló dí mi lẹ́nu. Bí mo bá sọ ọ́, o máa ní mo rọ ọ́ fún àǹfààní ara mi ni. Ìyàwó kejì kì í fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí ara rẹ̀."

Hàbíbàt kò lóye ohun tó ń wí. Ó mú fóònù jáde. Ó ṣí i síbi tó máa ń ṣí i sí, ó gbé e lé àárín atẹ edé kí àwọn méjèèjì lè rí i. Rodiat kúnlẹ̀ létí omi. Afẹ́fẹ́ gbé ìborùn rẹ̀. Àwẹ̀ró, bí o bá jí tí o ò bá rí mi, má wo ọ̀nà, ojú omi ni kí o wò...

"Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa! Ẹ kú ojú lọ́nà o!"

Àǹtí Kúlú sì gbà á lẹ́nu ìyá rẹ̀, lórí ohùn máàkẹ́tà, láì gbóhùn sókè:

"Ojú omi ò ní ilẹ̀kùn, wọn kì í tì í mọ́ ọmọ.
Ẹni tó bá bu omi fún ọ mu, ìyá ni.
Ẹni tó bá wẹ ẹrọ̀fọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ, ìyá ni..."

Ó dákẹ́.

Hàbíbàt gbójú sókè. Obìnrin náà ti yíjú sí ọ̀sà, ó ń wo ọ̀nà jíjìn bí ẹni tó ń dúró de nǹkan, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun kankan lójú omi. "Kí ló dé tí ẹ dúró?"

"Ibi tó ti ń dúró nìyẹn," ni Àǹtí Kúlú wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Báyìí ló ṣe kì í."

Hàbíbàt wo ojú fóònù. Ẹnu ìyá rẹ̀ ti pa dé lóòótọ́. Ó yí orí sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ń wo ọ̀nà jíjìn. Lábẹ́ ohùn máàkẹ́tà, gbẹ̀rẹ̀rẹ̀ yẹn ń kùn, ó ń sún mọ́, ó kọjá, ó ń lọ. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ló kọjá lọ́jọ́ náà, tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kó bo ohùn òun mọ́lẹ̀, tó sì fi dúró kó kọjá kó tó sọ èyí tó kù fún ọmọ tó ń sùn. Ẹni tó sì fi káséẹ̀tì kọ́ oríkì náà kọ́ ìdúró náà mọ́ ọn, nítorí kò mọ̀ pé ìdúró náà kì í ṣe ara oríkì.

Ariwo ọkọ̀ náà rọlẹ̀. Ẹnu Rodiat ṣí. Ẹnu Àǹtí Kúlú ṣí.

"Ẹni tó bá pè ọ́ l'Áwẹ̀ró, dá a lóhùn.
Má bèèrè ilé tó ti wá, má bèèrè níbi tó ti gbọ́ ọ.
Èmi ni mo rán an."

Ọ̀rọ̀ náà bá ètè tó wà lójú fóònù mu régí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹsẹ̀ ṣe ń bá bàtà àtijọ́ mu. Ṣùgbọ́n ohùn Rodiat kọ́. Ohùn àgbà obìnrin Ìjẹ̀dè ni, tí èéfín ẹja ti há, Hàbíbàt sì mọ̀ nísinsìnyí, láìsí iyèméjì, pé ohùn tòótọ́ yẹn, òun kò ní gbọ́ ọ mọ́ títí tí òun yóò fi pàdé rẹ̀ ní àlùjánnà, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ó ti kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀.

Máàkẹ́tà parí ọjà rẹ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ohùn méjì wá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan láti inú fóònù, ọ̀kan láti orí àpótí:

"Àwẹ̀ró mi."

"Màámi," ni ó dá wọn lóhùn.

Omi bo ojú fóònù. Àǹtí Kúlú gbé ọwọ́ tó ń rùn edé lé e lórí, kò sì bèèrè pé èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń dá lóhùn.